Aṣọ Ìpolówó Tó Di Ẹrù Ẹ̀yìn Ìjàpá

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi!

Ẹ ò dáhùn. Àbí iṣu ló kún yín lẹ́nu? Mo ní àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ́ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ṣeun, ìyẹn wọ̀ mí lára. Kí á kọ́kọ́ fi èyí ṣí ẹnu ná. Kí ló ń polówó ọjà láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí kò sì ní nǹkan kan lórí àtẹ? Rárá, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ ò polówó ọjà, oorun yín ló ń bà jẹ́. Kì í sì í ṣe ìyá Mọ́ládùn onírèké. Ìyẹn ní ọjà, ariwo rẹ̀ ló kàn pọ̀ ju ọjà lọ. Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ń bọ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ dirodiro. Kò bà lé orí ọba, kò bà lé orí ìjòyè. Orí aṣọ tí wọ́n ta sókè òpópó ló bà lé. Nígbà tí aṣọ náà já, ẹ̀yìn Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló bọ́ sí.

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ń pàtẹ ọjà bíi tiwa, òpópó kan wà tí wọ́n ń pè ní Òpópó Etí Odò. Ìsọ̀ wà lọ́tùn-ún, ìsọ̀ wà lósì. Ọ̀bọ ń ta fìlà níbẹ̀. Kò sí fìlà tí kì í kọ́kọ́ dé sórí ara rẹ̀ wò, ẹni tó bá ra fìlà lọ́wọ́ Ọ̀bọ, wọ́ọ́rọ́ ló máa bá a. Ìgbín ń ta àwo amọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ló tún yẹ kó ta àwo bí kò ṣe ẹni tí kì í kánjú? Láti ọjọ́ tó ti ń tà á, ẹyọ kan ò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ìjàpá náà ní ìsọ̀ tirẹ̀, ní ìpẹ̀kun òpópó lọ́hùn-ún. Ẹ̀wà ló ń tà. Ẹ̀wà náà ti pẹ́ nínú àpò débi pé kòkòrò inú rẹ̀ ti rí ọmọ ọmọ. Nígbà yẹn, ẹ̀yìn Ìjàpá ń dán ni, kò ní ilà kankan, ó rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ẹyin.

Wàyí o, wọ́n dá ọjà tuntun sílẹ̀ ní oríta. Gbogbo oníbàárà bá yà síbẹ̀. Òpópó Etí Odò dá wáí. Ìgbín á jókòó láti òwúrọ̀, á nu àwo, á tún un nù, kò ní rí ẹni tó máa bi í pé èló ni. Lọ́jọ́ kan ó wò títí, ó ní:

"Ọ̀bọ, àbúrò mi, bí oṣù yìí bá fi lè parí báyìí, mo ń kó àwo mi padà sí abúlé o. O sì mọ bí mo ṣe ń rìn. Bí mo bá lọ, mo lọ nìyẹn. Mi ò tún lè dé ibí mọ́ láyé mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọ̀bọ. Ó pe gbogbo ará òpópó jọ. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n ní àwọn máa ṣe ọjọ́ ìpàtẹ, ọjọ́ kan tí gbogbo ìsọ̀ máa kó ọjà tó dára jù síta. Wọ́n ní Aláǹtakùn á hun aṣọ ìpolówó ńlá kan, wọ́n á sì ta á láti orí ìrókò dé orí àràbà ní ẹnu òpópó, kí ẹni tó bá ń lọ sí oríta lè rí i kó sì yà. Yàrá yàrá bí afárá oyin ni Aláǹtakùn máa pín aṣọ náà sí: fìlà nínú yàrá kan fún Ọ̀bọ, àwo nínú yàrá kan fún Ìgbín, kálukú á rí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta nǹkan sójú ọ̀nà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Erin. Ta ló la ọ̀nà nínú igbó? Erin ni. Ibi tó bá ti kọjá ló ń di ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í jẹ Baba Ọlọ́nà.

"Ta la máa rán?" ni Ìgbín bi wọ́n. "Bí ẹ bá rán mi, ọjọ́ ìpàtẹ á ti kọjá kí n tó dé ẹnu géètì."

Ọ̀bọ ní, "Ẹ má rán èmi o. Mo sín ìrìn rẹ̀ jẹ níjelòó, ó sì rí mi."

Ìjàpá wúkọ́. "Kí lẹ ń wá kiri nígbà tí ẹnu mi wà níbí? Ẹ gbé ohun tí a máa fi kí Baba wá."

Wọ́n fún un ní ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kó gbé lọ fún Erin. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà. Ó ní bí òun ò bá jẹ ẹ́, ó máa rà.

Ó dé ilé Erin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò kúkú ṣòro fún un, ó ti sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Baba Ọlọ́nà, kí ọ̀nà yín máa gbòòrò o. Àṣẹ ni mo wá tọrọ. A fẹ́ ta aṣọ ìpolówó fún ọjọ́ ìpàtẹ òpópó wa."

Erin mí kanlẹ̀. Ewé igi mì.

"Ìjàpá, ojú mi ti rí lọ́wọ́ aṣọ. Àwọn Ẹfọ̀n ṣe ìyàwó, wọ́n ta aṣọ pupa sójú ọ̀nà, wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ilé ọ̀fọ̀ ni mò ń lọ. Aṣọ kọ́ mi léyín, mi ò mọ̀. Mo wọlé tọ àwọn tó ń sunkún lọ, aṣọ pupa ń jó lára eyín mi. Opó bú sẹ́rìn-ín!" Ó mi orí. "Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ, ó ní láti dá mi lóhùn. Báwo ló ṣe máa ga tó?"

"Ó máa ga ju orí yín lọ, Baba."

"Ìgbà wo ló máa sọ̀kalẹ̀?"

"Lọ́jọ́ ìpàtẹ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀."

"Ta ló ni ín?"

Ìjàpá la ẹnu kó sọ pé tiwa ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ sọ fún un pé: Ahun, bí o bá ní tiwa ni, oníbàárà á pín kiri. Bí o bá ní tèmi ni ńkọ́?

"Tèmi ni, Baba."

"Tìẹ nìkan?"

"Tèmi nìkan ṣoṣo."

"Ó dáa. Mo fún ọ láṣẹ. Àmọ́ gbọ́ o: aṣọ tí kò bá sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹ̀yìn ẹni tó ni ín ni yóò fi ṣe ilé."

"Ìyẹn rọrùn, Baba!"

Kí ó tó dé òpópó, ó ti fa ojú ro. Ó ń mi orí, ó ń kanra mọ́ eṣinṣin.

"Ó mà ṣe yín o. Baba Ọlọ́nà kọ̀. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè ta aṣọ. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Ìjàpá, ìwọ ni mo gbà fún, àmọ́ kí aṣọ sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.' Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n bá àgbàlagbà jiyàn ni?"

Ìgbín fa orí wọlé, ó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé di àwo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bọ tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ná."

"Jẹ́ kí n máa dì í, Ọ̀bọ. Kí n tó dì í tán, ó máa ti kọjá."

Ìjàpá ti gba ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn lọ. Ó ní kó yọ fìlà, kó yọ àwo, kó hun ojú òun sínú gbogbo yàrá.

"Gbogbo yàrá?" ni Aláǹtakùn wí. "Ṣé kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwo Ìyá Ìgbín?"

"Ṣé àwo jọ ojú mi ni?"

Aláǹtakùn hun ún. Ìjàpá ò lè gun igi, ló bá bẹ Ọ̀bọ. Ọ̀bọ gùn ún, ó ta aṣọ náà sókè, kí wọ́n má baà sọ pé òun ń jowú. Yánníbo jáde síta, ó gbójú sókè. Ojú ọkọ rẹ̀ níbí, ojú ọkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Bàálé mi, ojú yín pọ̀ lókè yìí o. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èwo lẹ máa gbé sá nínú wọn?"

"Lọ ṣa ẹ̀wà," ni Ìjàpá dá a lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàtẹ pé, Ìjàpá dúró sábẹ́ aṣọ, ó ń ju èjìká, ó ń kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é. "Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́" ni tiyín.

Aṣọ wo ló wà lókè yìí?
Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!
Ta ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Erin?
Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!
Èmi Ìjàpá nìkan ni o!
Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!
Ẹnikẹ́ni má bá mi pín in!
Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!

Orin náà dùn. Àwọn tó ń lọ sí oríta gbọ́ ọ, wọ́n rí aṣọ, wọ́n yà. Èrò wọ́ wá bí omi òjò. Orin ń lọ lẹ́nu wọn, wọ́n tẹ̀ lé Ìjàpá títí dé ìpẹ̀kun òpópó. Agbọ̀nrín ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wà. Ó yára fà á yọ.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ̀wà yín ń rìn!"

"Ẹran ni. Ẹ̀wà tó ti ní ẹran nínú, ṣé ẹ tún máa ra ẹran ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ra hóró kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá ná, ìpẹ̀kun òpópó sì ni Ìjàpá wà, gbogbo ìsọ̀ ni wọ́n máa kọjá kí wọ́n tó dé ilé. Wọ́n ń padà lọ, wọ́n rí fìlà. Wọ́n rí àwo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ìgbín kì í kánjú! Ẹlòmíràn ì bá ti dì í tán kó sì ti lọ. Ó ń tú ewé, wọ́n ń rà á. Kí ó tó tú òmíràn, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà Ọ̀bọ tán, èyí tó wà lórí ara rẹ̀ gan-an, Agbọ̀nrín rà á.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Ọ̀bọ tọ Ìjàpá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gun igi kí n bá yín sọ aṣọ yín kalẹ̀?"

Ìjàpá jókòó ti àpò ẹ̀wà rẹ̀, inú ń bí i. "Má fọwọ́ kan nǹkan mi! Bó bá wà níbẹ̀ lọ́la, wọ́n á ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kòkòrò, wọ́n á padà wá."

"Ohun tí Baba Ọlọ́nà sọ ńkọ́?"

"Kí ni aṣọ kan máa fi Erin ṣe?"

Ọ̀bọ gbé èjìká sókè, ó bá tirẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ mọ́jú. Aṣọ mu omi, ó wúwo, ó rọ̀ wálẹ̀. Láàárọ̀, Erin ń lọ mu omi létí odò. Bó ṣe dé ẹnu òpópó, okùn já. Gbì! Aṣọ bo Erin lójú, ó bò ó létí. Erin ò ríran mọ́. Ó ya ọ̀tún, ó ya òsì, ó ń lọ, ilẹ̀ ń mì, títí ó fi jókòó gbàgà sórí ìsọ̀ kan. Ìsọ̀ ta ni? Ẹ ti mọ̀ ọ́n! Ti Ìjàpá ni. Àpò ẹ̀wà bẹ́, kòkòrò àti ọmọ ọmọ wọn gba òmìnira.

"Ta ló ni aṣọ yìí?" Erin bú ramúramù nínú aṣọ.

Ìjàpá fò dìde. "Tiwa ni, Baba! Gbogbo òpópó la jọ ni ín! Ìyá Ìgbín gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀."

Gbogbo wọn yanu. Ìgbín yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀.

"Baba Ọlọ́nà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu èmi. Àmọ́ mo gbọ́ orin kan lánàá." Ló bá fi ohùn jẹ́jẹ́ gbé e: "Ta ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Erin?"

Kí ni gbogbo òpópó fi gbè é, ẹ̀yin ọmọ?

Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!

"Èmi Ìjàpá nìkan ni o!"

Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́!

Erin ṣí aṣọ kúrò lójú, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Ìyá Ìgbín, èwo ni àwo yín níbẹ̀?"

"Mi ò rí i o, Baba."

"Ọ̀bọ, ṣé ojú rẹ nìyí?"

"Baba, ẹ má bú mi. Mo rẹwà ju èyí lọ."

"Mo bi í bóyá tirẹ̀ nìkan ni," ni Erin wí. "Ó ní tòun nìkan ṣoṣo. Ká ní ó sọ pé tiyín ni, gbogbo yín ni ǹ bá fún láṣẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé Erin ò kọ̀ fún wọn rí. Ìjàpá ń wá ibi tó máa sá gbà. Ojú rẹ̀ kún ilẹ̀, kò mọ èyí tó máa gbé sá.

Erin gbé e, ó fi aṣọ tútù náà wé e lẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ odò rẹ́ ẹ. Ó wá fi ẹsẹ̀ lù ú pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, jẹ́jẹ́ ni lójú tirẹ̀. Oòrùn yọ, ó gbẹ, ó le koránkorán. Wọ́n fà á, kò ṣí. Yánníbo rẹ ẹ́ sínú omi, kò ṣí. Nígbà tó yá, òjò àti oòrùn pa ojú Ìjàpá rẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó wá ku yàrá yàrá.

Ìgbín tú ẹrù rẹ̀, kò lọ sí abúlé mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìpàtẹ tún pé, gbogbo wọn jọ lọ bá Erin, Ọ̀bọ sì gbé Ìgbín sí èjìká kí wọ́n lè tètè dé. Nígbà tí Erin bi wọ́n pé ta ló ni ín, wọ́n pa ohùn pọ̀: "Àwa ni, Baba, àwa náà la máa sọ ọ́ kalẹ̀." Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ká a.

Ìdí nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi pín sí yàrá yàrá títí dòní. Aṣọ ìpolówó tí kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni. Òun ló ń polówó láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò ní nǹkan lórí àtẹ. Bí ẹ bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, tó bá rí yín, á fa orí wọlé wéré. Ó ń bẹ̀rù kí ẹ má bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ń tà?"

Ibi tí okùn àlọ́ mi ti já nìyí o. Bí mo bá fi irọ́ bọ́ yín, kí àwo iṣu tí mo fẹ́ lù yìí fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ni, kó dún ketekete kí ẹ gbọ́:

Kén! Kén! Kén!

Kò fọ́. Ó yá, ẹ gbé iṣu tó kù wá.