Omi Tó Sáré Kọjá Eérú

Oṣù kẹta tí Adéṣẹwà di ìyàwó ilé ọlọ́ṣẹ dúdú, ó sú u bí omi tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ṣe ń rọra kán gba inú eérú kọjá. Ló bá fi irin fẹ ihò ìdí ìkòkò eérú lójú. Omi wá ń dà bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tó fi omi náà sè kò dì. Àdín kàn léfòó sójú omi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́. Ló bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

“Ìyá, ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé wa.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ fi ahọ́n tọ́ omi náà wò, kò ta á rárá.

“Ìyàwó mi, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Omi yìí ò dúró ti eérú, ló ṣe jáde bó ṣe wọlé. Ṣé bí ìwọ náà ṣe fẹ́ jáde nìyẹn?”

Adéṣẹwà sọ ẹrù kalẹ̀, ó wá amọ̀ tí yóò fi dín ihò ìkòkò náà kù lọ.