Ìtẹ́ Ẹ̀gà Dojú Kọlẹ̀

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Àwòdì, ọba ẹyẹ, ló rán òun àtàwọn ará rẹ̀ sọdá odò lọ tẹ̀dó, ó ní kí ẹnu ìtẹ́ wọn máa wòkè bíi tilé. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kún ìtẹ́. Ẹ̀gà ránṣẹ́ sílé, Àwòdì ní, "Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Òjò kejì gbé ẹyin lọ, èsì kan náà ló dé. Nígbà tí òjò kẹta ṣú, Ẹ̀gà ò ránṣẹ́ mọ́, orin ló dá. Ẹ gbè é:

"Ẹ dojú ìtẹ́ kọlẹ̀ o!"
"Kínrínjin!"

Òjò rọ̀ títí, kò sí ẹyin tó tutù. Àwòdì fò dé tìbínú-tìbínú. "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Ẹ̀gà yọrí nísàlẹ̀. "Kábíyèsí, òjò tí kì í pa yín ni."