Àgádágodo Tó Bá Ìyá Aláró Dé Ẹ̀bá Kànga

"Ẹni tó bá jẹ ọ̀fẹ́, kó bèèrè ẹni tó dáná." Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá?

Àdúgbò Ìsàlẹ̀-Aró ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń pa aṣọ láró. Wándé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ òṣèré nínú eré kan tí iléeṣẹ́ kan ní Èkó ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti pẹ́ tó ti wálé gbẹ̀yìn. Lójoojúmọ́, bí ìyá bá ti sá aṣọ tán, á nu ọwọ́, á tẹ fóònù, ojú ọmọ rẹ̀ á sì yọ. Dátà nìkan ló ń rà. Eré náà, ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, àwòrán àgádágodo ló rí lójú fóònù. Ó pa fóònù, ó tún un tàn. Àgádágodo. Ó gbé e lọ sẹ́bàá kànga níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára; àgádágodo náà bá a débẹ̀. Ó wá ń rò ó bóyá òun ti ṣẹ Wándé ni. Ó gbé fóònù náà tọ Múfú tó ń tún fóònù ṣe lọ.

"Ìyá, kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín. Iléeṣẹ́ tó ń gbé eré náà jáde ló tì í. Ẹ ó máa sanwó lóṣooṣù kí ẹ tó wò ó."

"Kí n sanwó kí n tó rí ọmọ tí mo bí? Múfú, ta ló sanwó nígbà tí mo ń rọbí?"

"Ẹ má bínú sí mi o, èmi kọ́ ni mo tì í."

Ó pe Wándé. Ohùn rẹ̀ ti le kí ọmọ tó kí i tán.

"Màámi, ẹ fara balẹ̀. Ta lẹ rò pé ó ń sanwó fún wa látọjọ́ yìí?"

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni?"

"Àwọn tó ń polówó ọjà láàárín eré ni. Wọ́n ti kó ìpolówó wọn lọ. Láti ìgbà náà, a ò rí nǹkan kan gbà. Ṣé ẹ rí ẹ̀bà tí mo jẹ nínú eré yẹn? Òun nìkan ni oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà."

Ìyá rántí ẹ̀bà náà. Ọjọ́ tó wo ẹ̀bà yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo bí ọmọ òun ṣe ń gbé òkèlè mì. Ó yé e, kò sì yé e: báwo ni òun ṣe ń wo ọmọ lójoojúmọ́ tí òun kò rí ebi lójú rẹ̀? Ó san owó náà. Bí ẹ bá bi í bóyá eré ló rà ni àbí oúnjẹ ọmọ, kò lè sọ. Ohun tó ń sọ fún àwọn aláró yòókù tí wọ́n jọ ń wo eré náà, tí wọ́n ń kùn nítorí owó, kò ju pé: "Ẹni tó bá jẹ ọ̀fẹ́, kó bèèrè ẹni tó dáná."

Nígbà tí nǹkan ọ̀fẹ́ bá di olówó, tí ẹni tó ti ń gbádùn rẹ̀ bá ń bú olóhun, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa fún un. Wọn kì í fi sọ pé kó má bínú. Wọ́n ń fi bi í léèrè pé, ní gbogbo ìgbà tó fi ń jẹun yẹn, ta ni ebi ń pa?