Bí Bẹẹrẹ Ṣe Pe Iná Wá Jẹun ní Ọ̀dàn

Nígbà láéláé, kí Iná tó mọ ọ̀nà ọ̀dàn, Bẹẹrẹ kì í fi orí pamọ́ sínú ilẹ̀. Koríko gíga ni, òkè ni ó sì máa ń wà láti ọdún dé ọdún, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn èso wẹ́wẹ́ tí ó gbé sórí.

Aládùúgbò rẹ̀ ni Igi Òrí. Ara Igi Òrí ń dán nígbà náà bí ara ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń wọ̀, nítorí ooru.

Ilẹ̀ ọ̀dàn gbẹ, iyanrìn ibẹ̀ kò lọ́ràá, oúnjẹ kò sì pọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọjá nígbà tí Bẹẹrẹ bá ń jẹun tí kò ní pè é. Ehoro ń lọ, "Ẹ wá jẹun o!" Eèrà ń lọ, "Ẹ wá jẹun o!" Ó tilẹ̀ pe òkúta kan rí.

Má rò pé ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó o. Ìwọ náà mọ bí ó ṣe máa ń rí. Wọn á pè ọ́, ìwọ á ní, "Ẹ ṣeun o, á gba ibi ire," wàá sì máa bá tìrẹ lọ. Inú olóúnjẹ á dùn, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní dín.

Igbó ńlá wà ní òdìkejì odò, Bẹẹrẹ sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ahun gbáà ni wọ́n! Wọn a ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, wọn a máa jẹun nínú òkùnkùn!"

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ọyẹ́ ń bọ̀ láti òkè, òun àti àlejò kan. Iná ni àlejò náà. Orí àpáta ni ó dàgbà sí, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe láwùjọ. Ebi ti pa á títí ó fi rù hangogo.

Bẹẹrẹ ń jẹ ìrì àárọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wá jẹun o!"

"Ẹ ṣeun o, á gba ibi ire," ni Ọyẹ́ dáhùn, ó sì ń lọ. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, Iná ti jókòó.

"Dìde, jẹ́ ká máa lọ," ni Ọyẹ́ sọ sí i létí.

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe àwa ni wọ́n pè ni?"

Iná tọ́ ìrì náà wò, ó sì tu ú dànù. "Ìyá, omi yìí kò bá mi lára mu. Kí lẹ tún ní?"

Ojú ti Bẹẹrẹ. "Ẹ fi àwọn ewé gbígbẹ yìí panu ná."

Hà! Iná panu. Ó jẹ ewé gbígbẹ ìdí Bẹẹrẹ, ó jẹ igi wẹ́wẹ́ tí ó wà nílẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ni ó ń sanra, bí ó sì ti ń sanra ni ebi túbọ̀ ń pa á.

"Ẹ má tijú o," ni Bẹẹrẹ wí, nítorí ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ẹ ṣe bí ẹni pé ilé yín ni."

Iná ṣe bí ẹni pé ilé òun ni.

"Bẹẹrẹ, lé e!" ni Igi Òrí pariwo.

"Bàbá, àlejò tí mo fi ẹnu ara mi pè? Kí ni ayé máa sọ?"

"Ayé wo? Ṣé èyí tí àlejò rẹ ń jẹ tán lọ yìí?"

Igi Òrí kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó wọ aṣọ òde lé e, ó wọ gbogbo èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lé ìyẹn. Ooru náà pọ̀ débi pé aṣọ òkè pátápátá sán yánnayànna.

Iná wá gbé ojú sókè. "Ìyá, kí ni ti orí yín yẹn?"

Ẹ̀rù ba Bẹẹrẹ gan-an. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbàgbé ọ̀yàyà.

"Ti orí mi kì í ṣe oúnjẹ!" Ó gbọn orí jìgìjìgì. "Ilẹ̀, gbà wá o!"

Ilẹ̀ la ẹnu díẹ̀. Àwọn ọmọ já sínú rẹ̀, Bẹẹrẹ náà sì ki orí bọ̀ ọ́. Ẹ̀wù ewé rẹ̀ nìkan ni ó kù fún Iná, Iná sì jẹ ẹ́.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó la odò tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ kọjá, ó kọjú sí Igbó. Kí ó tó kan ìlẹ̀kùn ni Igbó ti ké láti inú ilé pé, "A ò tíì dáná o!"

Iná dúró. "Ọyẹ́, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní àwọn ò tíì dá mi!" Ó dùn ún púpọ̀. Ó yí padà, ó gba ọ̀dàn kọjá. "Ìyá, oúnjẹ yín dùn. Mo ń lọ o."

Ohùn kan jáde láti inú ilẹ̀: "Ẹ máa padà wá o!"

"Bẹẹrẹ!" ni Igi Òrí kígbe. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Bẹẹrẹ.

"Ìgbà wo ni kí n wá?" ni Iná bèèrè.

Bẹẹrẹ gé ahọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n a ha lè dákẹ́ sí àlejò lẹ́nu? "Ó di... ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Iná ti máa ń wá sí ọ̀dàn ní ẹ̀ẹ̀rùn, Ọyẹ́ ni ó sì máa ń fà á lọ́wọ́ wá. Láti ọjọ́ náà ni Igi Òrí kò ti bọ́ aṣọ mọ́, bí ooru ti wù kí ó mú tó, tí èèpo rẹ̀ fi nípọn tí ó sì sán. Láti ọjọ́ náà sì ni Bẹẹrẹ ti ń tọ́jú ẹ̀mí ara rẹ̀ sínú ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti kán, òun ni yóò kọ́kọ́ rú jáde nínú eérú.

Ṣùgbọ́n kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá báyìí, kódà bí ó jẹ́ atẹ́gùn lásán, kíá ni Bẹẹrẹ yóò ti tẹ orí ba, tí yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin.