Bí Àwòdì Ṣe Yan Iṣẹ́ Ojú Ọ̀run

Ibi yòówù kí ẹyẹ fò dé, ilẹ̀ ni yóò padà bà sí. Awo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dífá fún Àwòdì, lọ́jọ́ tó ń yan iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jẹun láyé.

Iṣẹ́ ìdílé wọn ni gbígbé òròmọdìyẹ. Àwòdì ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó wù ú kó máa ṣáájú àwọn ẹyẹ kéékèèké, kó máa mú wọn kọjá odò ńlá nígbà ọ̀dá. Ìyá rẹ̀ pòṣé. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ lé àwòdì lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Síbẹ̀ kò yẹsẹ̀. Òun àti Àkàlà, tí irú iṣẹ́ kan náà wù, jọ gba ilé awo lọ.

Ifá ní kí wọ́n rú eku, kí wọ́n rú ẹja. Ní ti Àwòdì, kó dá òròmọdìyẹ tó gbé láàárọ̀ padà láàyè fún àgbébọ̀ tó bí i. Àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ bà síbì kan láì kọ́kọ́ yí i po lókè, kí wọ́n wo ilẹ̀ dáadáa, ẹni yòówù kó máa kánjú. Àkàlà rẹ́rìn-ín. Ó ní apá òun tó òun gbẹ́kẹ̀ lé. Àwòdì rúbọ, ebi sì pa á sùn. Àgbébọ̀ tó rí ọmọ rẹ̀ gbà ló ròyìn rẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí ọ̀dá dé, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tẹ̀lé Àkàlà. Ìwọ̀nba ẹ̀gà díẹ̀ ló tẹ̀lé Àwòdì. Wọ́n kọjá odò, wọ́n bá kùrukùru tó bo gbogbo ilẹ̀. Àkàlà kó àwọn tirẹ̀ já wọ inú rẹ̀ ṣòòrò. Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po.

Àwọn ẹ̀gà ń sunkún. "Bàbá, apá ti ro wá, ẹ jẹ́ ká bà."

Àwòdì tún yí po. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá já bọ́, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó ní, "Ẹ fara dà á, ẹ̀yin ọmọ mi. N ò tí ì rí ilẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ṣí kùrukùru. Iná ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ ń jó ràì. Àwòdì darí wọn lọ sí etí àbàtà, gbogbo wọn sì bà láyọ̀. Àkàlà nìkan ló ti inú èéfín jáde, ó dúdú bí èédú. Kò rí ẹyọ ẹyẹ kan mú bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀dá bá ti dé, àwọn abiyamọ ẹyẹ a máa fa ọmọ wọn lé Àwòdì lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o. Kò sí iṣẹ́ tí ọmọ ò lè yàn, àmọ́ ẹni tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kọ ẹbọ, kì í kọ ìkìlọ̀. Àwòdì rúbọ, ó kó èrò rẹ̀ gúnlẹ̀. Àkàlà kọtí ikún, òun nìkan ló délé.