Òjò Ayédèrú Lórí Òrùlé Ìgbín

Ẹ gbọ́ àlọ́ o.

Àlọ́ yá, à ń gbọ́.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn funfun tí kò ní kọ́kọ́rọ́?

Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi ré pẹ́tẹ́, ó já lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó tún já lu Ìgbín tí í rìn jẹ́jẹ́.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ìjàpá ti yan àgbàdo tó yẹ kó gbìn, ó sì ti jẹ ẹ́. Ìgbín nìkan ló ṣì ní irúgbìn, ṣírí àgbàdo mẹ́fà péré. Ó so wọ́n rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò. Bí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò ní nǹkan tí yóò gbìn, ebi ni yóò sì pa á. Nítorí náà ó tilẹ̀kùn, ó jókòó ti irúgbìn rẹ̀, ó ń dúró de òjò. Àwọn ẹranko ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni.

Ìjàpá mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, Ìgbín á jáde lọ wo oko, ilé á sì ṣófo, òun á sì rí irúgbìn náà jí. Ó pọn omi kún akèrègbè, ó gun òrùlé Ìgbín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀ tó, tó, tó.

Ìgbín na ìwo rẹ̀ méjèèjì. Òjò ń rọ̀, àmọ́ iwájú ilé nìkan ló ti ń rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé gbẹ táútáú. Ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò ké. Ara fu ú.

Ohùn kan wá láti òkè. “Ẹ̀gbọ́n mi Ìgbín, ẹ jáde, òjò ti dé.”

“Ìjàpá, ìgbà wo ni mo di ẹ̀gbọ́n rẹ? Ọ̀lẹ lo pè mí lánàá.”

“Ọ̀wọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára ni.”

Ìgbín bi í bóyá èsúnsún ti ń fò. Ìjàpá ní wọ́n pọ̀ bí iyanrìn. Ìgbín ní kó ju ẹyọ kan wọlé. Ìjàpá ní òun ti jẹ wọ́n tán. Ìgbín ní òjò wo ni kì í sán àrá? Ni Ìjàpá bá fi akèrègbè gbá igi òrùlé, gbàà! Akèrègbè fọ́, omi dà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ Ìjàpá yọ̀ wìì. Ó já bọ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè. Ó bẹ Ìgbín kó wá yí òun padà.

“Mo ń dúró kí òjò dá ná,” Ìgbín wí.

“Kì í ṣe òjò. Èmi ni mo ń da omi.”

“Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lóde nìyẹn. Èmi kì í sì í jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbúrò.”

Ó fi itọ́ dí gbogbo ihò ara ilẹ̀kùn. Itọ́ náà gbẹ, ó funfun. Yánníbo ló wá yí ọkọ rẹ̀ padà, ó sì ń bi í níwájú gbogbo ẹranko pé ta ló gbé akèrègbè òun.

Nígbà tí òjò gidi dé, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké káàkiri, Ìgbín jáde, ó gbin àgbàdo rẹ̀, ó sì kórè.

Láti ìgbà náà ni ìgbín ti ń fi itọ́ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn; òun ni ilẹ̀kùn funfun tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ìgbà kan wà tí a fi ń pa irúgbìn mọ́, ìgbà kan wà tí a fi ń gbìn ín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sáré pè yín pé ìgbà yín ti tó, ẹ kọ́kọ́ wo orí òrùlé.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí iyọ̀ má dùn nínú ọbẹ̀ mi.