Pàṣán àti Ẹ̀yìn Ọlọ́dẹ

Òwe kan wà lẹ́nu àwọn ará Ìkìrun tó máa ń rú àlejò lójú. Wọ́n á ní, "Ẹni tó ń yin pàṣán, kó rántí ẹ̀yìn ara rẹ̀." Àlejò á bi ara rẹ̀ pé ẹni tí wọn kò nà, kí ló kan ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Láṣùpọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láṣùpọ̀ ló ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwé àwòrán tó ń gbé jáde lóṣooṣù ni iṣẹ́ tó fi ń yangàn. Á ya ìtàn sínú àpótí kéékèèké, á kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ sókè orí wọn, Jọláadé onítẹ̀wé á sì bá a tẹ̀ ẹ́. Pàṣán ni orúkọ ìwé náà. Pàṣán náà ni orúkọ ẹni tí ìtàn dá lé lórí: ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, tó fi ìbòjú bo ojú, tí pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Pàṣán kì í ṣe ọmọlúàbí. Ó ń mutí, ó ń jalè, kì í kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í dárí jini. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ ló ń nà. Ó na ajagungbalẹ̀, ó na adájọ́ tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó na onílé tó ju ẹrù opó síta nínú òjò. Bó bá nà wọ́n tán, á sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan, àwọn òǹkàwé á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àwọn àgbà kan ń kùn pé wọ́n ti sọ jàgídíjàgan di akọni. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹni tí ìyà ò jẹ rí ló ń ráyè wá ọmọlúàbí kiri. Àríyànjiyàn yìí kò tán nílé, kò tán níbi iṣẹ́, ìwé sì ń tà bí omi lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Nínú àwọn tó fẹ́ràn Pàṣán, kò sí ẹni tó tó Adùnọlá aránṣọ. Onílé kan ti ju ẹrù tirẹ̀ náà síta rí. Ọjọ́ tó ka bí Pàṣán ṣe na onílé inú ìwé, ó ní ńṣe ni òun na ọ̀pá ẹ̀yìn òun ró. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Pàṣán sílẹ̀, òun ló sì rán aṣọ dúdú fún wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà yan kọjá lọ́jọ́ ọdún ìlú, ẹ̀bá ọ̀nà ni Láṣùpọ̀ dúró sí tí orí rẹ̀ ń wú.

Ó wá di oṣù kan, Láṣùpọ̀ ya ìtàn tuntun. Pàṣán lọ sílé olówó kan, ó bá ọlọ́dẹ arúgbó kan lẹ́nu géètì. Bàbá náà ní òun kò lè ṣí i, nítorí iṣẹ́ òun ni. Pàṣán nà án títí ó fi ṣubú, ó gba orí rẹ̀ kọjá, ó ní, "Ilẹ̀kùn tó ń sọ̀rọ̀, n ò rí irú ẹ̀ rí." Láṣùpọ̀ ya ẹ̀yìn bàbá náà tóbi, ó gba ìdajì ojú ìwé, ojú pàṣán sì tò sára rẹ̀ bí aporo oko. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ òun kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé jáde, ó lọ dúró ní òdìkejì ibùsọ̀ oníwèé, kó lè gbọ́ ẹ̀rín bí ìṣe rẹ̀. Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ọkùnrin bíríkìlà kan ka ìwé náà dé àárín, ó pa á dé, ó dá a padà sórí tábìlì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ti ń já àwòrán Pàṣán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adùnọlá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé aṣọ dúdú tí wọ́n ká jọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Láṣùpọ̀.

Ó ní, "Adùnọlá, Pàṣán ò yí padà. Bó ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin náà lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un."

Adùnọlá ní, "A pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, sà. A rò pé ẹ̀yìn àwọn tó rẹ́ wa jẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n nà. Ọlọ́dẹ ni bàbá mi. Ẹ̀yìn tí ẹ yà yẹn, èmi ni mò ń fi àdí pa á. Ẹni tó ń yin pàṣán, kó rántí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ara mi ni mò ń bá wí, sà, mi ò bá yín wí."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Jọláadé ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Kí Láṣùpọ̀ yà á lóṣù tó ń bọ̀ pé olè ni ọlọ́dẹ náà, pé ẹrù olè wà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Àwọn òǹkàwé á padà. Láṣùpọ̀ mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ yà á, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó mú ìwé náà, ó forí lé ilé bàbá Adùnọlá.

Bàbá náà kò mọ̀wé. Ó gba ìwé, ó wo àwòrán náà pẹ́, ó wá béèrè pé, "Kí ni ọlọ́dẹ yìí ṣe fún un?"

"Kò ṣe nǹkan kan, bàbá."

"Ṣé ẹni tó ń nà án mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó mọ̀, bàbá."

Arúgbó náà pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Kò bú u. Ó kàn gbé àgbọ̀n sókè, ó sọ fún un pé géètì ilé tí wọ́n ti ń la pákó kan lòun ṣọ́ títí òun fi darúgbó, òun kò sì ṣí i láìgbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín, ìbáà jẹ́ ìjòyè ló dúró níta. Láṣùpọ̀ kò lè gbórí sókè títí ó fi délé.

Ó sọ fún Jọláadé pé òun kò ní ba orúkọ bàbá náà jẹ́. Onítẹ̀wé ní ìwé kò ní tà mọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí Jọláadé tó gbà láti tẹ ohun tí Láṣùpọ̀ yà dípò rẹ̀.

Nínú ìwé tuntun náà, Pàṣán ń rìn láàárín ìlú, ó ń retí kí wọ́n hó yèè. Kò sẹ́ni tó hó. Ó dé ẹnu géètì, ọlọ́dẹ fọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ?" Láṣùpọ̀ fi ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ Pàṣán wà sílẹ̀ lófìfo. Ní àpótí tó tẹ̀ lé e, ó ju pàṣán sílẹ̀, ó ṣí ìbòjú. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, Láṣùpọ̀ kò sì yà á mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni Adùnọlá ti ka ìwé náà sókè fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìbéèrè náà, bàbá ní kó tún un kà.

Àwọn kan kò dárí ji Pàṣán títí dòní, wọ́n sì sọ ọ́ lójú Láṣùpọ̀. Bí àwọn ará ìlú mìíràn bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n bá ọkùnrin orí ìwé jà, Láṣùpọ̀ á tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, á ní, "Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ mi jù ló bá mi wí. Ayàwòrán mélòó ló ní irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ Adùnọlá ti kúrò nídìí ìwé, ó ti di ti gbogbo ìlú. Bí ẹnìkan bá ń kan sáárá sí alágbára nítorí pé ọ̀tá òun ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ará Ìkìrun kan á fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, á ní: ẹni tó ń yin pàṣán, kó rántí ẹ̀yìn ara rẹ̀.